Màmá Kékeré Tí Wọ́n Ní Kò Lọ́mọ

Ọjọ́ kejì tí Màmá Kékeré kú, obìnrin ìjọ wa kan wá kí wa ní Bwari. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó fi etí gèlè nu ojú tí kò sí omi nínú rẹ̀, ó ní: "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o. Ẹrù ti kúrò lọ́rùn yín." Mo wà lórí ìdúró níbẹ̀, mo gbé ife omi tí mo fẹ́ fún un dání. N kò fún un mọ́. Mo gbé e padà sí kíṣìnnì, mo da omi náà sínú síǹkì, títí di òní n kò sì tọrọ àforíjì.

Ẹrù wo? Ta ni ó ru ú rí? Àbúrò Màmá Àgbà ni Màmá Kékeré. Màmá Àgbà sì ni ìyá tó bí ìyá mi. Àwọn mẹ́ta péré ló kù nínú ọmọ ìyá wọn: Màmá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n pátápátá, Bàbá Jàbí tẹ̀ lé e, Màmá Kékeré sì ni àbíkẹ́yìn. Nítorí náà ìyá àgbà mi ni òun náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ bá mi jiyàn. Wọ́n bí i pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome. Àwọn ará ilé ní orúkọ tiwọn tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn, n kò ní fi í ba ìwé mi jẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sọ fún ìyá wọn pé kò lè pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó lé ní àádọ́ta kí ọkàn rẹ̀ tó dákẹ́ lásìkò òjò ọdún 2017.

Kí ara rẹ̀ tó tutù tán ni Bàbá Jàbí ti pe Màmá Àgbà lórí fóònù. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí Màmá Àgbà kì í gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, a máa ń jẹ́ kí fóònù rẹ̀ pariwo. Bàbá Jàbí ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, òkú ọ̀fọ̀ nìyí. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ẹ jẹ́ ká yáa sin ín wọ́ọ́rọ́wọ́, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀." Màmá Àgbà ní: "Àbúrò mi ò ní wọlẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Ìyá ni. Bí wọ́n ṣe ń sin ìyá ni ẹ máa ṣe sin ín." Ohun tí wọ́n ń bára wọn fà nìyẹn. Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ sin ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àga oníke aláwọ̀ búlúù kan wà lábẹ́ igi máńgòrò nídìí géètì wa. Ti Màmá Kékeré ni. Bí o bá jókòó síbẹ̀, bó o tilẹ̀ jẹ́ gómìnà, wàá dìde. Ojú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń gbà lọ ra nǹkan ní ọjà Bwari nilé wa wà, àwọn tí wọ́n máa ń wọ kóòtù dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú oòrùn tó ń yan èèyàn bí àgbàdo. Gbogbo wọn ni Màmá Kékeré mọ̀, kò sì mọ orúkọ ẹnì kan. "Lọ́yà!" ni yóò pè láti orí àga. "Lọ́yà, ṣó o ti jẹun?" Bí onítọ̀hún bá ní òun ò tíì jẹun, yóò dìde, yóò sì fún un ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbàdo sísun tó ti jẹ dé ìdajì. Ọmọ Benue kan wà nínú wọn tó máa ń gba àgbàdo yẹn, tó máa ń jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀ títí tó fi tán. Ọmọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ní: "Mama, ẹ kaaro ma." Ọ̀sán gangan ni. Màmá Kékeré fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó súre fún un bí àgbà ṣe ń súre. Mo ń rántí èyí nítorí pé ọmọ Bàbá Jàbí kankan kò kúnlẹ̀ fún un rí, kò sì sí èyí tí a bí ní Benue nínú wọn.

Bwari ló ti kọ́ bí àwọn obìnrin Gbàgyí ṣe ń gbé ẹrù lé èjìká. Ìyá Gbàgyí kan máa ń gbé igi ìdáná kọjá níwájú ilé wa, Màmá Kékeré sì wò ó títí, ló bá pinnu pé orí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé nǹkan sí mọ́. Láti ìgbà náà, báàgì Bíbélì, agbada tí a fẹ́ fọ̀, ìrọ̀rí rẹ̀, èjìká ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lé. Màmá Àgbà á ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí ọ o, ìwọ ọmọ yìí." Ìyá Gbàgyí yẹn ní tirẹ̀ á sọ igi rẹ̀ kalẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Kai, Mama! Sànnu!" Màmá Kékeré á dáhùn ìkíni náà pé "Yauwa!" Ọ̀rọ̀ Hausa kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn, ó sì ń lò ó fún ohun gbogbo. Nínú ìjọ, bí pásítọ̀ bá gbàdúrà tán, tí gbogbo wa ṣàmín, ohùn kan á jáde láti ìjókòó kejì pé "Yauwa!" Pásítọ̀ wa fúnra rẹ̀ ti máa ń dúró dè é kó tó la ojú.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ahọ́n rẹ̀ wúwo díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sú bí kò ṣe àwọn tí kò ní sùúrù. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tó máa ń já gaara lẹ́nu rẹ̀: "Èmi náà wà níbẹ̀." Ìtàn yòówù kó o máa sọ, ó wà níbẹ̀. Bí Màmá Àgbà bá ń sọ ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀, tí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí Màmá Kékeré rárá, ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ wàásù nípa búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì, a délé, a jókòó ti oúnjẹ, ó ní: "Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹja yẹn dùn." Èmi àti àbúrò mi Kúnlé bú sẹ́rìn-ín, a sì fẹ́ já a nírọ́. Màmá Àgbà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ibo ni wọ́n ti pè é rí tí kò fẹ́ lọ? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ẹ má wá rò pé áńgẹ́lì ni mò ń júwe o. Mo kórìíra bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ irú wọn di áńgẹ́lì, kí wọ́n má baà kà wọ́n mọ́ èèyàn. Màmá Kékeré lágídí ju ìbaaka lọ. Ó máa ń fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n pamọ́ sínú ìró, tí gbogbo ilé á máa wá a. Nítorí ẹran ni òun àti Màmá Àgbà fi ń jà jù. Ó mọ̀ pé àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, ó sì mọ̀ pé àgbà ni òun, nítorí náà bí wọ́n bá bu ẹran fún ọmọdé kankan ṣáájú rẹ̀, ogun ti dé nìyẹn. Á ju ṣíbí, á yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Màmá Àgbà á gbé àga tirẹ̀ lọ síbẹ̀, òun náà á kọjú sí ògiri. Àwọn ìyá méjì á máa wo ògiri. Tó bá yá, Màmá Kékeré á kéde fún gbogbo ilé pé: "Mo ti bínú tán." Ó ti tán náà nìyẹn, kò ní rántí rẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi ò jọ ọ́ níbi èyí.

Bàbá Jàbí ló mú ọ̀rọ̀ wòlíì Mpápé wá. Òun ni ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, alàgbà ìjọ sì ni, àdúgbò Jàbí tó ń gbé la fi ń pè é. Ó ní wòlíì kan wà lórí òkè Mpápé lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, pé yóò lé ohun tó ń ṣe àbúrò òun jáde. Màmá Àgbà ní kò sí ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ ìpè pọ̀, àánú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣe náà pọ̀, ó wá ní ká lọ kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Wòlíì náà gbé ọwọ́ lé Màmá Kékeré lórí, ó ń tì í sẹ́yìn, ó ń pariwo pé "Jáde! Jáde!" kó lè ṣubú bí àwọn tó kù ṣe ń ṣubú. Màmá Kékeré rò pé ìjàkadì ni. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbá ọkùnrin náà láyà mú, ó tì í, wòlíì jókòó sínú eruku òkúta pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Màmá Kékeré na ọwọ́ sókè. "Mo dá a!" Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara mi mú. N kò tíì rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó yẹ kí n dúró lórí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti mọ̀mínmọ̀ọ́ Bísí.

Bísí ni àkọ́bí Bàbá Jàbí. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ fẹ́ wá mọ ìdílé wa nílé Bàbá Jàbí, Màmá Àgbà dá ìró àti bùbá tuntun fún àbúrò rẹ̀. Láti òwúrọ̀ kùtù ni Màmá Kékeré ti wẹ̀, ó ti lé tìróò, ó ti gbé báàgì rẹ̀ lé èjìká. Fóònù dún. Bàbá Jàbí ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un wá. Ẹ mọ̀ bí àwọn àna ṣe máa ń wádìí ìdílé. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ó wà lẹ́jẹ̀ wa." Màmá Àgbà ní bí kò bá lọ, òun náà ò lọ. Ni Bísí bá gba fóònù, ó ń sunkún, ó ní ṣé Màmá Àgbà fẹ́ kí ilé ọkọ òun dàrú ni. Màmá Àgbà ni àgbà ilé, òun ló yẹ kó gba àwọn àna. Ó lọ. Ó fi Màmá Kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú èmi, ó ní mọ́tò máa padà wá gbé e.

Orí àga búlúù ni Màmá Kékeré jókòó sí títí oòrùn fi wọ̀. Kò jẹ́ kí n bọ́ báàgì yẹn léjìká rẹ̀. Gbogbo mọ́tò tó bá kọjá ló ń dìde fún. Àwọn lọ́yà rẹ̀ ń kọjá, ó ń sọ fún wọn pé, "Mò ń lọ òde." Nígbà tí Màmá Àgbà dé, tó rí i níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn nínú aṣọ òde rẹ̀, kò sì gba oúnjẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ ń bi Màmá Àgbà bí òde ṣe rí. Kó tó la ẹnu, Màmá Kékeré ti dáhùn. "Èmi náà wà níbẹ̀," ló wí. "Mo jó." Àwọn ìyá náà rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín, kò sì tẹ ilé Bàbá Jàbí mọ́ fún ayẹyẹ kankan títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nǹkan kan wà tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń sọ Kúnlé lórúkọ, mo ti tó ọmọ tó ń rántí nǹkan. Wọ́n gbé àwo omi sílẹ̀ láàárín pálọ̀, àgbà kọ̀ọ̀kan ń ju owó sínú rẹ̀, ó ń fún ọmọ lórúkọ. Bàbá Jàbí ló ń darí. Ó pe Màmá Àgbà, ó pe ara rẹ̀, ó fo Màmá Kékeré, ó pe àbúrò bàbá mi tó kéré sí i. Màmá Kékeré dìde. Kò ní owó. Ó yọ yẹtí etí rẹ̀ kan, ó jù ú sínú àwo, omi ta sí gbogbo wa lára. "Àjọkẹ́," ló wí.

Oríkì òun fúnra rẹ̀ ni, èyí tí Màmá Àgbà fi ń pè é láti kékeré. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jàbí ní, "Ọkùnrin lọmọ o. Oríkì obìnrin lèyí." Ó na ọwọ́ láti yọ yẹtí náà kúrò nínú omi. Màmá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àgbà ló sọ̀rọ̀ yẹn," ló wí. "Ẹ gbà á fọ́mọ."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ tí a sọ lórúkọ nílé Bwari tí Màmá Kékeré kò yọ yẹtí fún, orúkọ kan náà ló sì ń fún gbogbo wọn, akọ àti abo. Èmi tí wọ́n ti sọ lórúkọ tipẹ́, ó fún mi ní tèmi lọ́jọ́ kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n má baà jowú. Kúnlé ti hu irùngbọ̀n, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó bá mú àwọn ọ̀rẹ́ wálé, Màmá Kékeré á kígbe láti ìdí géètì pé "Àjọkẹ́ mi dé!" Kúnlé á sì dáhùn pé, "Mà!" Bí ọ̀rẹ́ kan bá rẹ́rìn-ín, kì í padà wá. Àjọkẹ́, ẹni tí a jọ ń kẹ́. Àwa ta ni? Ẹnì kan ṣoṣo ló kẹ́ ẹ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, nígbà tí àwọn tó kù ń wá bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kí àna rí i.

Ẹni kan ṣoṣo yẹn náà ni wọn ò jẹ́ kó lọ síbi ìsìnkú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Jàbí wá sí Bwari, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kó dẹ́jọ́: àṣà ni pé ẹ̀gbọ́n kì í dé ibojì àbúrò. Òótọ́ ni, àṣà wa ni. Àmọ́ ṣé Bàbá Jàbí náà kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Màmá Kékeré ni? Òun wọ agbádá, ó wọ mọ́tò, ó ń lọ. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní ọmọdé ń ṣe mí. Màmá Àgbà gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Agbára rẹ̀ ti pin láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa. Ó pe èmi àti Kúnlé mọ́ra. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e bí ẹni tí kò lẹ́nìkan," ló wí, ó sì lọ jókòó sórí àga búlúù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹlòmíràn máa jókòó síbẹ̀.

Àwa tó dé itẹ́ òkú kò pọ̀. Pásítọ̀ kékeré kan tí kò mọ Màmá Kékeré ni wọ́n rán wá. Ó ka ohun tó fẹ́ kà, wọ́n sọ pósí kalẹ̀, ó ní, "Àwọn ọmọ olóòkú, ẹ jáde wá da yẹ̀pẹ̀." Bàbá Jàbí súnmọ́ ọn. Kò rẹ ohùn sílẹ̀ tó. "Kò bímọ, Pásítọ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ọkùnrin tó di ṣọ́bìrì mú tẹ̀ síwájú.

Kúnlé ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu yẹ̀pẹ̀ pupa tí òjò ti rin. Pásítọ̀ ní, "Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?" Àbúrò mi tó ga, tó nírùngbọ̀n, dáhùn ní ohùn tí gbogbo itẹ́ òkú gbọ́: "Àjọkẹ́ lorúkọ mi. Òun ló sọ mí. Ọmọ rẹ̀ ni mí." Ó da yẹ̀pẹ̀ náà. Mo jáde, mo ní Àjọkẹ́ ni èmi náà. Àwọn ọmọ àbúrò ìyá mi jáde, ọkùnrin méjì, obìnrin kan, wọ́n sọ ohun kan náà, èyí tó kéré jù nínú wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bísí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Jàbí sunkún. Mo rí omijé náà, òun gan-an ló sì bí mi nínú jù, nítorí mi ò mọ ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí láti ọjọ́ yìí. Màmá Kékeré ì bá ti sọ pé òun ti bínú tán. Èmi ò tíì bínú tán.

A ròyìn rẹ̀ fún Màmá Àgbà bó ṣe jẹ́ gan-an. Ó ń mi orí bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a gbàdúrà nílé, ilé sì kún díẹ̀. Ọmọ Benue yẹn wá, ó ti di lọ́yà tòótọ́. Ìyá Gbàgyí gbé odindi ìdì igi ìdáná kan wá lórí èjìká, kò gba kọ́bọ̀. Obìnrin ìjọ wa, ẹni tí mo da omi rẹ̀ nù, wá pẹ̀lú. Kúnlé ń sọ ìtàn ibojì fún àwọn tí kò gbọ́, bí òun ṣe bu yẹ̀pẹ̀, bí pásítọ̀ ṣe la ẹnu sílẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí Màmá Àgbà lórí àga búlúù. Ó ní, "Ó mà ṣe o, Màmá, pé ẹ̀yin gan-an ò sí níbẹ̀."

Màmá Àgbà wò ó títí.

"Èmi náà wà níbẹ̀," ló wí.